Àdùkẹ́, má fọwọ́ tẹ búrẹ́dì wọn wò

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lánàá: tíréè kan, búrẹ́dì mẹ́rin lórí rẹ̀, o wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Màmá, kí lẹ ń pe ìwọ̀nyí?" Mo rẹ́rìn-ín títí bàbá rẹ fi béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo fi hàn án. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún fi í padà, ó ní, "Kobe rèé." Ọdún mẹ́ta la lò ní Kobe, ìlú Jàpáánù tí ìwọ náà wà báyìí, láti 1998 sí 2001, ká tó bí ọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀ ju ti WhatsApp lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà.

O sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí o ti dé ọ̀hún, búrẹ́dì inú ọ̀rá láti konbini, ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ń ta oríṣiríṣi nǹkan, lò ń jẹ, nínú yàrá, ìwọ nìkan. N ò sọ pé búrẹ́dì konbini burú. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́ níbẹ̀? Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ rẹ lónìí, o lè má rí i mọ́ lọ́la. Èmi tí mo dé Kobe tí n ò gbọ́ ju "arigatō" (ẹ ṣé) lọ, inú ilé búrẹ́dì kékeré kan ní àdúgbò wa ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka oókan dé ẹẹ́wàá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ mọ̀ mí lójú. Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ kò ju pé kí o máa lọ sí ilé búrẹ́dì àdúgbò rẹ, àti pé nígbàkígbà tí o bá lọ, kí o mú ọ̀kan tí o kò tíì jẹ rí.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí ná. O mọ bí a ṣe ń ra búrẹ́dì nílé: a ó tẹ̀ ẹ́ wò, bó bá wọlé tó sì tún wú padà, ó rọ̀ nìyẹn, a ó sanwó. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé búrẹ́dì yẹn, n ò rí tíréè, n ò rí ẹ̀mú tí wọ́n kó sẹ́nu ọ̀nà. Mo kọjá tààrà síbi tí wọ́n to búrẹ́dì sí, mo tẹ àkọ́kọ́, mo tẹ ìkejì, mo tẹ ìkẹta. Ìyá tó ni ilé búrẹ́dì náà jáde láti ẹ̀yìn, ìyẹ̀fun ní apá rẹ̀ méjèèjì. Kò bínú. Ó tẹríba fún mi, ó fi ẹ̀mú sí mi lọ́wọ́, ó sì rọra kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò níbẹ̀. Mo rò pé ó ń bá mi dì í ni! Ìgbà tí mo délé tí mo ròyìn fún bàbá rẹ ló tó là mí lóye pé obìnrin yẹn kò ní ta á fún ẹlòmíì mọ́. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì láti sanwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kọ̀, kò gbà á. Torí náà, tíréè lọ́wọ́ kan, ẹ̀mú lọ́wọ́ kejì. Ojú lo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí o bá fẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò, wá ibi tí wọ́n kọ "yakitate" sí, wọ́n sábà máa ń kọ aago tó jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ká wá sórí tíréè rẹ.

Èyí tó rí roboto, tó ń dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, anpan ni. Ẹ̀wà ló wà nínú rẹ̀. Má jù ú nù o! Ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní azuki ni. Wọ́n á sè é títí á fi rọ̀, wọ́n á wá fi ṣúgà rò ó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gé e jẹ, iyọ̀, ata àti epo pupa lẹnu mi ń retí, ṣúgà ló bá pàdé. Mo tu ú dànù. Ó tó oṣù méjì kí n tó tún fọwọ́ kàn án, ohun tó sì mú mi padà síbẹ̀ ni pé mo rántí ìyá mi àgbà, tí kì í jẹ ẹ̀wà láìbu ṣúgà lé e, tí gbogbo wa máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àbí àwa kọ́ là ń fi búrẹ́dì Agége jẹ ẹ̀wà àgányìn? Ojúlùmọ̀ ni ẹ̀wà àti búrẹ́dì tipẹ́. Tọ̀hún kàn di ọ̀kan mọ́ inú èkejì ni. Bí wọ́n bá ní "tsubuan", hóró ẹ̀wà ṣì wà nínú rẹ̀. "Koshian" ni èyí tí wọ́n ti sẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò tó kúnná bí ògì. Koshian ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Tokyo ni anpan ti bẹ̀rẹ̀. Kimura Yasubei, tó ti jẹ́ samurai, jagunjagun ayé àtijọ́ wọn, tẹ́lẹ̀, ṣí ilé búrẹ́dì ní 1869. Búrẹ́dì bíi ti òyìnbó kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu nígbà yẹn, ni òun àti ọmọ rẹ̀ bá mú ìwúkàrà tí wọ́n fi ń pọn ọtí ìrẹsì, wọ́n fi wú ìyẹ̀fun, wọ́n ki ẹ̀wà dídùn sínú rẹ̀. 1874 nìyẹn. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹrin 1875, wọ́n gbé e síwájú Ọba Meiji, wọ́n tẹ òdòdó ṣẹ́rì oníyọ̀ kan sí ìdodo rẹ̀. Bí o bá rí anpan tó ní ìdodo, tó ní òdòdó níbẹ̀, mú un, iyọ̀ yẹn ló ń gbé adùn rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ náà "pan" fúnra rẹ̀, ẹnu àwọn Potogí ni wọ́n ti gbà á, àwọn Potogí kan náà tí wọ́n sọ Èkó di Lagos. Àwọn ará Jàpáánù gba búrẹ́dì, àwa gba orúkọ. Ìwọ dá a, ta ló jèrè?

Èyí tó ní ilà bí ẹ̀yìn ahun, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ní Tokyo, melonpan ni. Kò sí èso kankan nínú rẹ̀, ìrísí lásán ni: búrẹ́dì rírọ̀ tí wọ́n fi àpòpọ̀ bisikíìtì bò lórí kí wọ́n tó yan án, kí òkè rẹ̀ lè máa rún lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Kobe lo wà. Ọ̀pọ̀ àgbà Kobe ń pe roboto yẹn ní sunrise. Bí o bá béèrè melonpan lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè nawọ́ sí èyí tó ṣe gbọọrọ bíi bọ́ọ̀lù rọ́gíbì, tí ẹ̀wà funfun wà nínú rẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà méjì, ará Tokyo kan àti ará Kobe kan, tí wọ́n jiyàn lórí èyí títí tíì wọn fi tutù. Má dá sí i. Ra méjèèjì.

Èyí tí ara rẹ̀ ṣe gbágungbàgun, karepan ni: kọ́rì tí wọ́n dì sínú ìyẹ̀fun, tí wọ́n yí mọ́ ẹ̀rúnrún búrẹ́dì, tí wọ́n wá dín. Mítì páì tó já sínú òróró gbígbóná ni. Jẹ ẹ́ kó tó tutù. Bàbá rẹ a máa jẹ mẹ́ta láìmumi. Bí Rámátù bá wà pẹ̀lú rẹ, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹran inú rẹ̀. "Buta" ni wọ́n ń pe ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lo ti máa rí yakisoba pan, núdùù dídín tí wọ́n kì sínú búrẹ́dì gígùn. Ẹ̀yin tí ẹ fi búrẹ́dì jẹ Indomie ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ ò lẹ́nu láti bú wọn.

Ẹ̀kẹrin ló pá mi láyà, torí n ò mọ̀ ọ́n. Mo fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi tó ṣì wà lọ́hùn-ún, ó ní shio pan ni, búrẹ́dì oníyọ̀, ìlú Yawatahama ní Ehime ló ti jáde ní 2003, lẹ́yìn tí a ti kúrò. Nígbà ooru, àwọn ènìyàn kì í fẹ́ ra búrẹ́dì, ni ilé búrẹ́dì kan bá ro ti iyọ̀ fún ẹni tó ń làágùn. Wọ́n ń ká bọ́tà mọ́ àárín rẹ̀; bó bá wọ ààrò, bọ́tà á yọ́ sọ̀kalẹ̀, á dín ìdí búrẹ́dì náà, á sì fi ihò sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí yẹn ni kí o kọ́kọ́ gé jẹ, kí o kọ̀wé sí mi bó ṣe rí.

Fún oúnjẹ àárọ̀, shokupan, búrẹ́dì ńlá tí wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́. Èyí tó ní igun mẹ́rin, agolo oníderí ni wọ́n fi yan án. Èyí tó yọ orí, agolo tí kò ní ìdérí ni. Àwọn kan ń da omi híhó lé díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣáájú, bí ìgbà tí a bá ń ro àmàlà, ìyẹn ló ń jẹ́ kó fà lẹ́nu. Wọ́n á bi ọ́ pé kí wọ́n gé e sí mélòó. Ní ìhà Tokyo, 6 tàbí 8. Ní ìhà ọ̀dọ̀ yín, wọ́n fẹ́ràn kó nípọn, 4 tàbí 5. Sọ pé "gomai-giri," márùn-ún nìyẹn. Kí o sì wo ẹ̀gbẹ́ káńtà: èèpo tí wọ́n gé kúrò lára búrẹ́dì, "etí" ni wọ́n ń pè é, mimi, wọ́n ń tà á lówó pọ́ọ́kú nínú ọ̀rá. Nígbà tí owó ẹ̀kọ́ bàbá rẹ bá pẹ́ kó tó wọlé, mo máa ń ra etí yẹn, mo máa ń dín in, mo máa ń wọ́n ṣúgà sí i, ṣínṣín wa nìyẹn.

Mú báàgì dání, wọ́n ti ń gbowó ọ̀rá láti 2020. Bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá o máa jókòó jẹ ẹ́, mọ̀ pé owó orí ìjókòó jẹ́ 10%, ti gbígbé lọ jẹ́ 8%.

Ilé búrẹ́dì tèmi wà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ibùdókọ̀ ojú irin Hankyu Rokko. Lọ wò ó fún mi bóyá ó ṣì wà. Lọ́jọ́ tí mo lọ dágbére fún ìyá yẹn ní 2001, anpan mẹ́wàá ló tò síwájú mi lórí káńtà. Kí ó tó dì í, ó fi ìka rẹ̀ tẹ ọ̀kan lójú mi báyìí, ó gbójú sókè wò mí, àwa méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ni,
Màmá rẹ