Fàtí, fídíò iná yẹn ti dé ọ̀dọ̀ màmá

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá

Fàtí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Otútù ọ̀hún ńkọ́? Ọyẹ́ ti dé sọ́dọ̀ wa náà, ètè mi ti là, ẹsẹ̀ mi sì funfun bíi ti ẹni tó gún èlùbọ́. Mo mọ̀ pé wàá fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá pe èyí ní otútù.

Àwọn fídíò tó o fi ránṣẹ́ dé. Wọ́n jẹ gbogbo mẹ́gà mi tán, mi ò bínú. Èyí tí wọ́n ti ń ta iná sára ilé ńlá ní Place des Terreaux, ní Lyon lọ́dọ̀ yín yẹn, tí ògiri ń yọ́ bí òrí, tí fèrèsé ń sáré kiri, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wò ó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pa máṣìnì tì. Ọ̀kan ní iṣẹ́ àjẹ́ ni. Mo ní ẹ̀rọ ló ń ju àwòrán sára ògiri bíi ti sinimá. Ó ní, "Ìyá Múbà, eélòó ni wọ́n ń san kí wọ́n tó wọlé?" Mo ní ọ̀fẹ́ ni, àárín ìlú gbangba ni, kò sí ìlẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ gbà wọlé. Kò gbà. Ó ní ọ̀fẹ́ wo ló kù ní Faransé? Mo ní tiwa náà ńkọ́, ta ló ń sanwó wo Zàngbétò, eégún tó ń ṣọ́ ìlú, lóru? Ó ní ìyẹn, èèyàn ń sá fún un ni.

Lálẹ́ Jímọ́, mo gbé fóònù lọ bá màmá ẹ. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, àtùpà ló wà lórí àpótí. Mo ka ohun tó o kọ fún wọn: pé ère Màríà kan ni wọ́n fẹ́ ṣí lórí òkè Fourvière lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1852, odò Saône kún, ère ò parí, wọ́n sún un sí ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ yẹn náà pé, ìjì tún dé. Àfi bí ojú ọ̀run ṣe mọ́ lálẹ́, ni àwọn ará ìlú bá ń tan àbẹ́là sójú fèrèsé. Ni màmá bá mi orí. "Oṣù Kẹsàn-án! Omi tibẹ̀ náà ò gbọ́ràn." O mọ̀ wọ́n, látọjọ́ tí ọ̀sà ti wọ yàrá wọn, kò sí omi tí wọn ò bá ṣọ̀tá. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Àṣàbí, ṣé Fàtí ò tíì di Àgùdà báyìí?" Mo ní rárá o, ìran ló lọ wò, láti 1999 ni ìlú ti sọ ọ́ di àjọ̀dún iná tí gbogbo ayé ń wá wò. Wọ́n ní kò burú, ṣebí àwọn tó ti Bràsíìlì dé kọ́ mọ́sálásí wa bíi ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run ò sì bínú.

A rẹ́rìn-ín títí. Mo fi fóònù lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń mi orí sí orin, wọ́n ń sọ pé, "Háà, ẹ wo bí pupa ṣe ń lé búlúù!" Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó kí n lè mọ ibi tí wọ́n dé. Fàtí, fídíò ti tán. Ojú fóònù ti dúdú. Àtùpà ló hàn nínú rẹ̀, tíńtín báyìí, àwọn sì ń wò ó lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò sọ nǹkan kan. Mo ní kí n bu omi tíì fún wọn, wọ́n ní àwọn á bù ú fúnra wọn. Ìka ni wọ́n kì bọ inú ife kí wọ́n tó da omi, kí wọ́n lè mọ ibi tó dé. Mo wá tẹjú mọ́ ojú ọ̀tún wọn: awọ funfun kan wà níbẹ̀, bí omi ẹ̀kọ tó ti tutù. Tòsì náà ti ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn tí wọ́n ní ó ń dùn wọ́n tí wọn ò fi lọ ọjà Wàńdò mọ́, irọ́ ni. Ẹnì kan fún wọn ní 500 wọ́n fi ṣe 1000, ọmọ ìyá alátà ló sọ fún mi.

Ọmọ Ìyá Rúká ti ṣègbéyàwó, aṣọ ẹ wà lọ́wọ́ mi. Múbà yege. Wọ́n tún ojú ọ̀nà wa gbẹ́.

Mo rántí ọdún 2020, tí Kòrónà ò jẹ́ kí wọ́n ṣe àjọ̀dún yẹn, tó o tan àbẹ́là kan ṣoṣo sójú fèrèsé, tó o ya fọ́tò ẹ ránṣẹ́. O ní o ti ń ṣe bíi tiwọn. Ẹkún lò ń sun lọ́jọ́ yẹn, o rò pé mi ò mọ̀. Ìwọ àti màmá ẹ, ọ̀kan náà ni yín.

Mo ti bá nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n lè yọ awọ yẹn, kí màmá sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Màmá ní kò sẹ́ni tó máa fi abẹ kan ojú àwọn. Wọ́n mú mi búra pé mi ò ní fẹnu mi sọ ọ́ sí ẹ létí. Mo búra. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́, tí mo sì fi rán àǹtí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, nítorí ọmọ ìyá alátà yẹn ló ń ka WhatsApp fún wọn.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n. Lálẹ́ Jímọ́, lẹ́yìn ìṣáà, màá wà níbẹ̀, màá ṣe bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Sọ pé o lálàá. Wọ́n á gbọ́ ti àlá ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Ọ̀rọ̀ owó, a ó sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá gbà.

Èmi ni,
Àṣàbí

Fídíò, máa fi ránṣẹ́. Wọ́n fẹ́ràn orin inú ẹ̀.