Ìnṣọ́ránsì Ìlera Gbọ́dọ̀ Máa Sanwó Oògùn Họ́mọ́ònù Fáwọn Obìnrin

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa òfin NHIA, ìyẹn àjọ ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù karùn-ún 2022, pé dandan ni kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ní ìnṣọ́ránsì ìlera. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ńkọ́?

Àbúrò mi obìnrin, tíṣà ni, ò tíì pé 40 nígbà tí àìsàn mú kí wọ́n yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin ẹ̀ méjèèjì. Ìnṣọ́ránsì sanwó iṣẹ́ abẹ, a dúpẹ́. Kò pẹ́ tó délé ni ooru bẹ̀rẹ̀, ooru tó jẹ́ pé á dìde lóru bọ́ṣọ, òógùn á ti rin bẹ́ẹ̀dì, kò róorun sùn, àyà ń já a, oríkèé ń ro ó, ó wá ń kanra mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì tó fẹ́ràn gan-an. Dókítà ní họ́mọ́ònù tí ilé ẹyin ń ṣe ló tán lára ẹ̀ lójijì, pé kó máa lo ẹ́sítrójìn, ìyẹn họ́mọ́ònù náà gan-an, títí á fi tó nǹkan bí ọdún 50, ìyẹn ìgbà tí nǹkan oṣù ì bá dúró fúnra ẹ̀. Ó gbé ìwé oògùn dé fámásì ọsibítù, wọ́n ní kò sí lára oògùn tí ìnṣọ́ránsì ẹ̀ ń san, kó lọ fowó ara ẹ̀ rà á. Bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ń yọ lórí owó oṣù ẹ̀ ò dúró o.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ìnṣọ́ránsì tó sanwó kí wọ́n yọ ilé ẹyin, òun náà ló tún ní iṣẹ́ tí ilé ẹyin ń ṣe lára ò kan òun.

Àwọn kan á ní fàájì ni, ṣebí àwọn ìyá wa la ibẹ̀ kọjá láìlo nǹkan kan. Ẹ wò ó, ẹ́sítrójìn yìí wà lára ohun tó ń mú egungun wa lágbára, tó bá ti lọ, egungun á máa fúyẹ́, màmá á kàn yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí á kán. Ẹni tó pàdánù ẹ̀ ní 38, ọdún mélòó ló máa fi wà láìní in? Ìnsúlínì táwọn onítọ̀ọ̀gbẹ ń gún, họ́mọ́ònù ni. Oògùn táwọn tí wọ́n yọ gẹ̀gẹ̀ wọn kúrò pátápátá ń lò lójoojúmọ́, họ́mọ́ònù ni. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní fàájì.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, torí ìwádìí kan tí wọ́n dá dúró l'Amẹ́ríkà ní 2002 tó ní oògùn họ́mọ́ònù yìí ń fa jẹjẹrẹ ọmú, àmọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀ ti tó ọdún 63 ní ìpíndọ́gba, nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ wọn sì ti dúró tipẹ́. Lóṣù kọkànlá 2025 ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà, kéde pé kí wọ́n yọ ìkìlọ̀ ńlá tó wà lára àwọn oògùn náà. Kì í ṣe pé ká wá máa rà á lò bíi Panadol o. Wọn kì í sábà fún ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, ẹni tí ilé ọmọ ẹ̀ ṣì wà sì gbọ́dọ̀ lo projẹ́stírónì, họ́mọ́ònù obìnrin mìíràn, mọ́ ọn kí jẹjẹrẹ má baà wọ ilé ọmọ. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kó wà lábẹ́ ìnṣọ́ránsì, níbi tí dókítà á ti máa mójú tó o.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní London mọ̀ pé láti oṣù kẹrin 2023, obìnrin lè sanwó lẹ́ẹ̀kan, £19.30 nígbà yẹn, kó fi gba oògùn yìí fún ọdún kan gbáko. Ní Scotland àti Wales, ọ̀fẹ́ ni.

Mi ò ní kí wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí NHIA àtàwọn àjọ ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ fi àwọn tí ilé ẹyin wọn lọ kí wọ́n tó pé 45 sí i, kí wọ́n sì rántí àwọn ìyá ọlọ́jà nínú owó tí òfin 2022 yẹn yà sọ́tọ̀ fáwọn tí ò lówó. Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ẹ bá wa bi wọ́n l'Ábùjá pé ìgbà wo ni, kí ẹ tẹ ìdáhùn wọn jáde fún wa.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.