Ìgbàgbọ́ tí ebi kò lè pa

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, mo kí yín, ẹ kú ìfaradà.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ilé tí mo bá yà nínú ìjọ wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ kò padà síbi tó wà mọ́. Gàrí tí a ń pè ní oúnjẹ mẹ̀kúnnù ti di ohun tí à ń ṣírò kí a tó wọ̀n ọ́n. Àwọn kan nínú yín ń fẹsẹ̀ rìn wá sí ìsìn, mo mọ̀ yín, Ọlọ́run náà sì rí yín. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Nírú àsìkò báyìí, àwa Kristẹni máa ń tètè sọ pé ìpọ́njú ló ń mú ìgbàgbọ́ lágbára. Òótọ́ ni. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ nínú ìwé Róòmù orí karùn-ún pé wàhálà ń bí sùúrù, sùúrù ń bí ìrírí, ìrírí ń bí ìrètí. Síbẹ̀, mo ti rí ẹni tí ìpọ́njú sọ di aládùúrà, mo sì ti rí ẹni tí irú ìpọ́njú kan náà lé kúrò nílé Ọlọ́run títí dòní. Kí ló fa ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, òun ló sì gbé ọkàn mi lọ sí Kúdẹtì, nínú ìlú Ìbàdàn wa níbí.

Ọdún 1851 ni David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń bá CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ṣiṣẹ́, kọ́kọ́ dé Ìbàdàn. Ní 1853 ó mú Anna ìyàwó rẹ̀ dé, wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì, Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ sì fa ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n kọ́ wọn ní ìwé. Iṣẹ́ ń lọ, ìjọ ń dàgbà. Nígbà tó di 1859, Aláàfin Àtìbà wàjà. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kọ̀, ó ní òun kò gba Adélù, Àrẹ̀mọ Àtìbà, lọ́ba, torí àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun sì bẹ́ ní 1860. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dúró ti Ìjàyè, wọ́n dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ọ̀nà kò là.

Ẹ fojú inú wò ó. Gbogbo ohun tí àwọn Hinderer fi ń ṣiṣẹ́, láti Èkó ló ń wá: owó, oògùn, aṣọ, lẹ́tà àwọn ẹbí wọn. Ọ̀nà dí, gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ilé kún fún ọmọ tó gbọ́dọ̀ jẹun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé. Wọ́n ta èyí tó ṣeé tà tán, wọ́n yọ páànù tí wọ́n fi tẹ́ inú àpótí ẹrù, wọ́n tà á náà. Ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí wọ́n bá rí. Àìsàn mú Anna títí, àfìgbà tí Glover, Gómìnà Èkó, rán àwọn ènìyàn gba inú igbó Ìjẹ̀bú wá gbé e lọ ní 1865.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù nínú ìtàn náà rèé. Àwọn tó wá láti òkè òkun láti fún wa ní nǹkan, àwọn ni wọ́n ń tẹ́wọ́ gbà báyìí. Àwọn ará àdúgbò ló dìde sí wọn, àwọn obìnrin Ìbàdàn, lára wọn sì wà tí kò tíì gba Jésù rárá. Àánú dé láti ibi tí wọn kò fojú sí. Ìsìn kò dá. Ilé-ìwé kò dá. Àwọn onígbàgbọ́ dúdú àti funfun ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, wọ́n ń gbàdúrà nínú yàrá kan náà, kò sí ọ̀gá, kò sí ẹrú nídìí ebi.

Nígbà tí àwọn Hinderer fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá ní 1869, ta ni wọ́n fi ìjọ lé lọ́wọ́? Daniel Olúbí wà ní Kúdẹtì, James Òkúsẹ̀hìndé wà ní Ògùnpa, W. S. Allen wà ní àdúgbò Àrẹ̀mọ. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, Olúbí sì ti bá àwọn Hinderer jẹ ìyà ọdún ebi náà. Ìjọ kò tú. Kódà ogun Kírìjì tún dé láti 1877 títí di 1893, ọ̀nà tún dí, ìjọ náà tún dúró. Àwọn tó ti rí i pé Ọlọ́run ń bọ́ ènìyàn nígbà tí ọ̀nà Èkó dí, kí lẹ tún fẹ́ fi dẹ́rù bà wọ́n?

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọn kò dá ìyà náà jẹ. Ẹni tó bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìṣòro rẹ̀ nínú ilé, ìṣòro náà á jẹ ìgbàgbọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ òpó, ilé á dúró lójú ayé títí ọjọ́ kan. Ẹni tó bá mú un wá síwájú Ọlọ́run àti síwájú ará ni ìpọ́njú ń sọ di alágbára. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́. Ó kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé ìyà tó jẹ òun ní Éṣíà ju agbára òun lọ, débi tí òun sọ ìrètí ẹ̀mí nù. Àpọ́sítélì ló kọ ọ́ o, ó sì fi ránṣẹ́ sí ìjọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí nǹkan ṣì ń ṣẹnuure fún, ẹ má ṣe sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí Èlíjà dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi nínú aginjù tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì kò bá a wí. Àkàrà gbígbóná àti ìgò omi ló gbé kalẹ̀. Èlíjà jẹ, ó sùn, áńgẹ́lì tún jí i, ó ní dìde, jẹun, nítorí ọ̀nà náà jìn fún ọ. Ẹ̀yìn oúnjẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì ló tó rin ọ̀nà dé òkè Hórébù tó gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó ń dùn mí. Ìyá kan nínú ìjọ wa kò yọjú fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, àpòòwé ìkórè tí a fún un wà lórí tábìlì, ó fi Bíbélì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun láti gbé e padà lófìfo, pé wọ́n á pe orúkọ. Ará, ọkàn mi bàjẹ́ gan-an. Àpòòwé tí a ṣe fún ọpẹ́ ló dí ọ̀nà ilé Ọlọ́run mọ́ opó. Àwọn ará Makedóníà fúnni nínú òṣì tó jinlẹ̀, a sì máa ń fi ìyẹn wàásù. Ẹsẹ kejìlá nínú orí kẹjọ ìwé Kọ́ríńtì kejì, níbi tí ọ̀rọ̀ wọn wà, náà ni kí a máa kà: ohun tí ènìyàn ní ni Ọlọ́run ń gbà, kì í béèrè ohun tí kò ní.

Nítorí náà, èmi àti ìgbìmọ̀ ìjọ ti fohùn ṣọ̀kan pé a kò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni tàbí iye owó níbi ìkórè ọdún yìí. Ẹni tí àpòòwé rẹ̀ bá ṣófo, kó mú ara rẹ̀ wá, kó wá jó.

Bákan náà, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyá yóò máa gba gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì àti epo pupa ní yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Kóńgò kan tó. Ẹni tó bá nílò, kó wá sọ́dọ̀ mi tàbí sọ́dọ̀ ìyá ìjọ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́rú. A kò ní kọ orúkọ sílẹ̀, a kò sì ní béèrè ju ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ lọ.