Lẹ́tà sí Àkànní lórí gbèsè tí ó fẹ́ jẹ nítorí géèmù

Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àkànní ọmọ mi,

Àlàáfíà ni a wà. Orúnkún ìyá rẹ ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn oníná sì ti wá tú tiransifọ́mà àdúgbò wa lọ. Kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni ó sọ fún mi pé o fẹ́ yá owó ní báńkì ní Kánádà níbẹ̀ láti fi ra ìpín ìdókòwò ilé iṣẹ́ yín, nítorí pé géèmù tí ẹ ṣe ń tà wàràwàrà. Ìwọ fúnra rẹ kò sì pè wá láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kí àbúrò rẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ó kà sí mi létí kò sì jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ King, tí ó ń ṣe géèmù orí fóònù, fẹ́ wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní New York ní ọdún 2014, ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ fi hàn pé ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn tó ń gbá géèmù wọn san ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ọdún 2013 ni ó wá láti inú géèmù Candy Crush Saga nìkan. Dọ́là 22.50 ni wọ́n ta ìpín kan. Kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó parí, ó ti já sí dọ́là 19, nígbà tí Activision Blizzard, ilé iṣẹ́ géèmù mìíràn, sì gbà láti ra gbogbo ilé iṣẹ́ náà ní 2015, dọ́là 18 ni wọ́n dá lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wàá ní bàbá kò mọ̀ nípa géèmù. N kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àbúrò rẹ sì sọ fún mi pé géèmù GTA V tí wọ́n gbé jáde ní 2013 ti tà ju 200 mílíọ̀nù ẹ̀dà lọ. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Rovio ṣe géèmù tó ju àádọ́ta lọ kí Angry Birds tó jáde ní 2009, wọ́n gba òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ, ní 2015 wọ́n sì dá àwọn tí ó lé ní 200 dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Epic Games, ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù Fortnite, dá nǹkan bí 830 ènìyàn dúró nígbà tí àwọn ọmọdé ṣì ń gbá Fortnite káàkiri ayé. Ìwọ ọlọ́pọlọ, ta ni ó sọ fún ọ pé bí géèmù bá ń tà, iṣẹ́ ẹni tí ó ṣe é kò lè bọ́?

Má bínú, ọmọ mi. Mo máa ń fi ọ́ yangàn ní mọ́ṣáláṣí. Kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ yín gbójú lé géèmù kan ni ó ń bà mí lẹ́rù, nítorí ọ̀pọ̀ irú wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé inú géèmù yẹn ni owó oṣù rẹ ti ń wá, o sì tún fẹ́ kó owó ìfipamọ́ rẹ, pẹ̀lú gbèsè lórí, lọ sínú rẹ̀ kan náà. Ní ìgbà tí mo wà ní Odógúnyàn, abọ́ tánganran nìkan ni ilé iṣẹ́ wa ń ṣe, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé iṣẹ́ náà ni mo sì ń kó gbogbo ohun tí mo bá rí sí. Nígbà tí abọ́ ike gba ọjà, owó oṣù àti owó ìfipamọ́ jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Abọ́ tí kò tà ni wọ́n kó fún wa dípò owó. Èyí tí etí rẹ̀ ti họ ni ìyá rẹ fi ń bomi fún adìẹ títí di òní. N kò sọ fún ọ rí pé aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ ni a tà kí a tó rí owó ìdánwò WAEC rẹ san. Ó ti kìlọ̀ fún mi ṣáájú, mo ní kò mọ̀ nípa iṣẹ́ fákìtọ̀rì.

Béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún owó yín ni géèmù yẹn ń mú wá, kí sì ni ẹ ń ṣe lọ́wọ́ tí yóò tẹ̀lé e? Bí o bá fẹ́ ra ìpín dandan, ìwọ̀nba owó tí o ní lọ́wọ́ ni kí o fi rà á, kí ìyókù wà ní ibi tí kò kan géèmù rárá. Bí ó bá jẹ́ owó tí o ń fi ránṣẹ́ sí wa ni ó ń tì ọ́ lọ sí báńkì, dá a dúró lóṣù yìí, oògùn ìyá rẹ ṣì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n pè wá. Bí o bá sì ti fọwọ́ sí ìwé gbèsè náà, má fi pamọ́ fún mi. Sọ iye tí o yá àti èlé tí wọ́n gbé lé e.

Èmi ni bàbá rẹ.