Ẹ bá wa sọ fún àwọn pulọ́mbà kí wọ́n yé sin tọ́ílẹ́ẹ̀tì sínú sìmẹ́ńtì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ìwé ìròyìn yín kọ lórí àwọn tó ń yàgbẹ́ sí gbangba, níbi tí ẹ ti rán wa létí pé láti ọdún 2019 ni Muhammadu Buhari, Ààrẹ ìgbà náà, ti bu ọwọ́ lu ìwé àṣẹ pé kí ìwà náà kásẹ̀ ńlẹ̀ ní Nàìjíríà tó bá fi máa di 2025. Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ẹ bá mi dé àdúgbò wa ní Ìjọ̀kà, níbí ní Àkúrẹ́. Ilé mẹ́ta ni mo mọ̀ tó ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ igbó ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ará ilé ń lọ. Nínú ọ̀kan, òfìfo ìgò àti bàtà àlòkù ni wọ́n kó kún yàrá náà. Wọ́n fẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì o. Ó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó lè tú u láì fọ́ ọ.

Díẹ̀ ló kù kí tèmi náà dà bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ni mí, opó, ẹni ọdún 58. Nígbà tó yá, mo rí i pé omi pupa rúsúrúsú ń sun jáde ní ìdí tọ́ílẹ́ẹ̀tì mi. Mo nu ún, ó tún sun. Òórùn rẹ̀ ń bá mi dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Oníbàárà kan tó wá wọn aṣọ fi ìborùn bo imú, ó ní ọ̀fìnkìn ló ń da òun láàmú. Mo ní kó pẹ̀lẹ́.

Mo ránṣẹ́ sí pulọ́mbà tó bá mi dì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ó wò ó, ó ní ó ti sán, ₦45,000 sì ni owó iṣẹ́ ọwọ́ òun nìkan, láì tíì ka owó tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun. Mo bi í pé kí ló mú èyí tó wà ńlẹ̀ sán. Kò rí nǹkan kan sọ. Ìgbà tí mo fọwọ́ ara mi hú u ni mo rí ìdáhùn: sìmẹ́ńtì ló rọ kún abẹ́ rẹ̀, tó le gan-an bí àpáta Ìdànrè. Sìmẹ́ńtì a máa sún kì bó bá ń gbẹ, ilẹ̀ náà a sì máa rìn díẹ̀díẹ̀. Tánganran ò mọ̀ ọ́n tẹ̀, sísán ló mọ̀ ọ́n sán.

Nígbà tí mo ní mo máa ṣe é fúnra mi, àbúrò ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣáláńgá ló kù tí ẹ máa gbẹ́ báyìí." N kò dá a lóhùn. Èmi àti ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS3 la jọ ṣe é ní Sátidé kan.

A ti omi pa lẹ́yìn rẹ̀, a fà á kí omi inú táǹkì lọ, a fi àkísà gbẹ ìyókù. Fífọ́ sìmẹ́ńtì yẹn nìkan gbà wá ní gbogbo òwúrọ̀, òòlù ló ṣe é. Nígbà tí ẹnu páìpù oníǹṣì 4 ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ inú sókìwéè rọ́ sókè sí wa lójú. Mo di àkísà sínú ọ̀rá, mo so okùn mọ́ ọn, mo ki í bọ ẹnu páìpù, mo sì fi okùn lé ọmọ náà lọ́wọ́. Mo ní kó má jù ú sílẹ̀, bí mo bá tiẹ̀ ní kó lọ gbómi wá.

Kọ̀rọ̀ tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ lábẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, níbi tí omi díẹ̀ máa ń dúró sí, òun ni kì í jẹ́ kí òórùn bẹ́ẹ̀ padà wọlé. Atúnaagoṣe ni ọkọ mi olóògbé. Ó fẹ́ràn láti máa sọ pé oníṣẹ́ aago bíi tòun, Alexander Cumming ọmọ Scotland, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá lórí kọ̀rọ̀ yẹn lọ́dún 1775. Bó bá ti mu ẹmu díẹ̀, á ní ọpẹ́lọpẹ́ àwa oníṣẹ́ aago, gbogbo ayé ì bá máa dimú rìn.

Ẹ jẹ́ n padà sídìí ọ̀rọ̀ mi. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun ní ihò méjì nídìí, ọ̀tún àti òsì. Ihò bóòtù ni, irin tí wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀. Èyí tí mo hú náà ní i, sìmẹ́ńtì ni pulọ́mbà rọ́ dí i! Mo gbé tuntun sí àyè rẹ̀, mo fi pẹ́ńsù sàmì sínú ihò, mo tún gbé e kúrò. Mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú àmì kí ẹnu dírílì tí mo yá má baà yọ̀ lórí táìlì, mo sì lu ihò síbẹ̀. Ọmọ náà fa àkísà jáde lẹ́nu páìpù, mo fi omi ọṣẹ pa rọ́bà tó so tọ́ílẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Mo da omi dé ìdajì ìgò, mo fi ìgò náà dùbúlẹ̀ lé tọ́ílẹ́ẹ̀tì lórí láti wo bóyá ó jókòó dáadáa. Ó tẹ̀ sápá òsì, mo ki ike pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀.

Ibi dídè bóòtù ni ọ̀pọ̀ ti ń fọ́ tuntun. Ẹni tó bá de ọ̀tún tán pátápátá kó tó bọ́ sí òsì, "kà!" ló máa gbọ́. Mo de ọ̀tún díẹ̀, mo de òsì díẹ̀, bí mo ṣe ń de síkúrù tó mú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ: bó bá ti mú, ó tó. Mo fa sílíkóòn, gọ́ọ̀mù tó ń dí àlàfo, yí ìdí rẹ̀ ká, mo fi àyè bí ìka kan sílẹ̀ lẹ́yìn, kó lè jẹ́ pé bó bá ń jò, n óò tètè rí i.

Mo ṣàṣìṣe kan. Òdìkejì ni mo we téèpù funfun mọ́ ẹnu páìpù omi, ó sì jò ní gbogbo òru. Lọ́jọ́ kejì mo tú u, mo we é síbi tí nọ́ọ̀tì ń yí sí, ó dákẹ́. Mo da búlúù ìfọṣọ díẹ̀ sínú táǹkì, mo dúró fún ìṣẹ́jú 30, n kò rí búlúù nínú àwo. Ìyẹn ni pé rọ́bà inú táǹkì mú.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan sókìwéè tàbí páìpù abẹ́ ilẹ̀ o. Iṣẹ́ pulọ́mbà nìyẹn, owó wọn sì tọ́ sí wọn. Ohun tí mò ń bẹ̀ ni pé kí ẹ ya àwòrán bóòtù méjèèjì yẹn sínú ìwé ìròyìn yín, kí onílé lè mọ ohun tó máa bèèrè kí wọ́n tó po sìmẹ́ńtì. Obìnrin tó ń kó ìgò sí tiẹ̀ ti wá wo tèmi. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ìyẹn náà nìyí?" Mo ti dá dírílì padà fún olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n sípánà ọkọ mi ti wà nílé obìnrin yẹn láti ọjọ́ Ajé.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Bọ́sẹ̀ aránṣọ,
Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́.