Fọ́ọ̀kì Gígùn Kọ́ Ni Ọmọ Tó Ń Fò Nílò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà àwa òǹkàwé tí ẹnu wa kì í dákẹ́. Lẹ́tà ìyá wa tó kọ̀wé láti Peckham ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló jẹ́ kí n mú bírò. Wọ́n ní kí òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ń gun kẹ̀kẹ́ dirt jump, ìyẹn èyí tí àwọn ọmọ fi ń fò láti orí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì, ra fọ́ọ̀kì iwájú, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì tó di wíìlì iwájú mú tí ṣọ́ọ̀kì wà nínú wọn, èyí tó gùn jù tí owó rẹ̀ bá ká. Wọ́n ní bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣe ń wọlé tó ni ara ṣe máa tu ọmọ tó. Ẹ má bínú sí mi, Màmá. Èmi náà ti ra ìràkúrà rí, àpò mi ló jẹ ìyà rẹ̀.

Ìbejì ni àwọn ọmọ mi: Táyé ló ń fò, Kẹ́hìndé ló ń ya fọ́tò. Luton là ń gbé, Chicksands ní Bedfordshire, níbi tí wọ́n ti mọ òkìtì oríṣiríṣi sínú igbó fún eré yìí, kò sì jìnnà sí wa. Kí n tó wá sí ìlú ọba, ọ̀kadà ni mo ń tún ṣe ní Ìwó Road, n'Íbàdàn. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé ṣọ́ọ̀kì tó bá rọ̀ jù, inú kòtò ló máa sùn sí. Ó yẹ kí n ti rántí rẹ̀ nígbà tí Táyé wá sọ pé fọ́ọ̀kì òun ti kú.

Ojú òkìtì tí wọ́n fi ń gbéra ga gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró bí ògiri. Ọmọ á sáré wá, á tẹ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á sì tì í sókè. Bí fọ́ọ̀kì bá gùn tó sì rọ̀, òun ni yóò gbé agbára yẹn mì: iwájú kẹ̀kẹ́ á rì, ọmọ ò ní gòkè tó bó ṣe rò, orí góńgó òkìtì kejì ló máa já lé dípò ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí kì í fi í sábà wọlé ju mìlímítà 100 lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń lo 80. Èyí tó ń wọlé tó 150 tí Màmá dárúkọ, ẹni tó ń já bọ̀ láti orí òkè olókùúta ló ni ín.

Fọ́ọ̀kì gígùn tún máa ń ba ìdúró kẹ̀kẹ́ jẹ́. Bí ẹ bá fi mìlímítà 20 kún un, iwájú á gbé sókè, ọrùn kẹ̀kẹ́ á sì tẹ̀ sẹ́yìn ní nǹkan bíi dígírì kan. Ẹ wá fi 50 kún un! Fúrémù, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́, á máa jẹ ìyà tí ẹni tó jó o pọ̀ kò rò tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fúrémù máa ń kọ gígùn fọ́ọ̀kì tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ wá a kà kí ẹ tó sanwó.

Àṣìṣe tèmi kì í ṣe ti gígùn. 100 tí mo gbọ́ ni mo dì mú bíi Bíbélì. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo ní kí wọ́n fún mi ní 100. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn kò béèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe, ó gbé 100 lé mi lọ́wọ́, ó gbowó. 100 ni lóòótọ́, àmọ́ ti àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ọ̀nà jíjìn nínú igbó ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, mìlímítà 32, wọ́n ti dín ara rẹ̀ kù kó lè fúyẹ́. Ní Sátidé kejì, Táyé fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀, mo sì fojú ara mi rí i tí táyà iwájú kọjú sí ibì kan, tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọjú síbòmíràn, kó tó ta padà. Ọlọ́run yọ ọ́, ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló bó. Mo tú fọ́ọ̀kì náà wò nílé: kò tẹ̀, kò sán. Iṣẹ́ tí a gbé fún un ni kì í ṣe tirẹ̀.

Fọ́ọ̀kì méjì ni a wá ń wò lẹ́yìn ìyẹn. Pike DJ ti RockShox, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35; Bomber DJ ti Marzocchi jẹ́ 36. Wíìlì ínṣì 26 ni àwọn méjèèjì ń gbà. Kẹ̀kẹ́ òkè yòókù ti lọ sí 27.5 àti 29, ṣùgbọ́n àwọn eléré yìí kò kúrò lórí 26, torí wíìlì kékeré le, ó sì rọrùn láti yí lófuurufú. Orúkọ Marzocchi kò ṣàjèjì sí èmi oní-alùpùpù. Ará Ítálì ni wọ́n, láti 1949, alùpùpù ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń ṣe fọ́ọ̀kì fún. Ní 2015 ni ẹ̀ka ti kẹ̀kẹ́ wọn bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ Fox ti Amẹ́ríkà. Àwọn àtijọ́ wọn tó ń jẹ́ Dirt Jumper, pàápàá àwọn onísípíríǹgì irin, wúwo bí ọmọ odó, ṣùgbọ́n wọn kì í kú bọ̀rọ̀.

Táyé ń rojọ́ àwọ̀ fọ́ọ̀kì. Mo ní kó má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kó máa pa làpálàpá. Ọ̀pá tó gba àárín wíìlì kọjá nípọn tó mìlímítà 15 nínú Pike DJ, àyè họ́ọ̀bù rẹ̀, ìyẹn àárín wíìlì tí ọ̀pá náà gbà kọjá, sì jẹ́ 100. Ti Bomber DJ jẹ́ 20, àyè rẹ̀ 110. Họ́ọ̀bù tó wọ ọ̀kan kì í ṣàdédé wọ èkejì, owó wíìlì tuntun lè gun orí owó fọ́ọ̀kì. Ọ̀pá ọrùn fọ́ọ̀kì òde òní náà tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ó sanra nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ fúrémù àtijọ́ ni kò sì lè gbà á. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ wo ọ̀pá yẹn dáadáa: èyí tí wọ́n bá ti gé kúrú jù kò ṣeé fà gùn. Ẹ fi èékánná họ ẹsẹ̀ tó ń dán. Bó bá há èékánná, ẹ gbé e padà fún olówó ẹ̀.

(Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kì í fi bírèèkì síwájú rárá. Wọ́n ń yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ po lófuurufú, wáyà á lọ́ mọ́ ọn. Mo pariwo títí, mo dákẹ́.)

Bomber la rà, torí họ́ọ̀bù wa. Ìgbà tó di ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí a ń fẹ́ sínú fọ́ọ̀kì ni iṣẹ́ ọwọ́ mi tó wúlò. Mo so òwú dúdú mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, mo fà á sọ̀kalẹ̀ títí ó fi kan rọ́bà. Mo ní kí Táyé dé ákòró rẹ̀, kó dìde dúró lórí pẹ́dà, mo di kẹ̀kẹ́ mú. Nígbà tó rọra bọ́ sílẹ̀, òwú ti gòkè mìlímítà 23. Ó rọ̀ jù. Mo fi pọ́ọ̀ǹpù kékeré fẹ́ ẹ díẹ̀, a tún wọ̀n ọ́n, 18. Mo tún fẹ́ ẹ, 12. Mo dúró níbẹ̀. 10 sí 15 nínú 100 ló dára fún òkìtì. Fọ́ọ̀kì àwọn tó ń já bọ̀ lókè a máa tó ìlọ́po méjì ẹ̀. Ó wá ku kókó kékeré ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún fọ́ọ̀kì, tó ń sọ bí fọ́ọ̀kì ṣe máa yára dìde. Bó bá yára jù, á ju ọmọ sẹ́yìn níbi tó ti ń gbéra. Bó bá lọ́ra jù, kò ní tíì dìde tán kó tó kan òkìtì mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń yí i, Táyé ń fò, Kẹ́hìndé ń ya fídíò, títí àwọn méjèèjì fi ní, "Dádì, ó tó."

Fọ́ọ̀kì 32 yẹn kò sọnù o. Ó wà níwájú kẹ̀kẹ́ tí Kẹ́hìndé ń gùn lọ sílé ìwé, kò sì tíì fún un ní wàhálà kankan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Ìbejì,
Luton.