Lẹ́tà Táàmù Kejì: Ọ̀rọ̀ Ikọ́, Oòrùn àti Fítámì D

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú wàhálà owó súkúù. Bílì táàmù yìí wà nínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù kan náà, n ò ní tún un kà níbí.

Ikọ́ àwọn ọmọ ni mo fẹ́ sọ. Ní ìparí táàmù tó kọjá, JSS 1 dà bíi wọ́ọ̀dù, ẹni tí ò bá wúkọ́ ń sín, ni wọ́n bá ń pín ọ̀rọ̀ kan kiri lórí WhatsApp àwọn òbí pé àìtó fítámì D ló fà á, làwọn kan bá sáré lọ sí kẹ́mísìtì. A rí kápúsù nínú báàgì ọmọ kan, ojoojúmọ́ ni kó máa lo ó, mo yẹ páálí rẹ̀ wò, 50,000 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì) ló wà lára ẹyọ kan ṣoṣo! 600 IU lójúmọ́ ló tó ọmọ ọdún 1 sí 18. Tó bá pọ̀ jù, èébì ló máa kọ́kọ́ fà, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọ ní in àyàfi tí dókítà bá kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá. Fítámì D ń ran ara lọ́wọ́ láti bá àìsàn jà, àwọn ọmọ tí ò ní in tó sì máa ń tètè kó àìsàn àyà. Ní 2017, BMJ, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, gbé ìwádìí kan jáde tó kó nǹkan bí 11,000 èèyàn láti orílẹ̀-èdè 14 jọ, fítámì D ran àwọn tó ń lo díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, pàápàá àwọn tí tiwọn ti lọ sílẹ̀ gan-an, àmọ́ lílo rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà ò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fi ìwádìí tuntun kún un ní 2025, ìrànlọ́wọ́ yẹn wá kéré débi pé ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́.

Ìbàdàn la wà o, oòrùn ò wọ́n wa, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọmọ wa ni ò rí i: láti inú mọ́tò bọ́ sí kíláàsì, láti kíláàsì bọ́ sí lẹ́sìn, ó di ìdí tẹlifíṣàn, oòrùn tó sì gba inú gíláàsì wọlé ò lè bá wọn ṣe fítámì yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ dúdú tiwa yìí fẹ́ kí wọ́n pẹ́ díẹ̀ níta. Nítorí náà láti táàmù yìí, kò sí tíṣà tó máa fi búrẹ́ki mú ọmọ jókòó da nóòtì kọ mọ́, pápá la ó sì ti máa ṣe P.E. Ẹ má bínú tí yúnífọ́ọ̀mù bá dọ̀tí. Nílé, ẹja títù, sadín, ẹ̀dọ̀ àti pupa ẹyin ní in nínú.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti pàǹtí tí à ń sun lẹ́yìnkùlé náà ń dá kún ikọ́ yìí, ẹ bá wa dín in kù. Àwọn àbúrò wọn tó wà nílé, ẹ rí i pé wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn pé. Ọmọ ọdún 1 sí 5 tó bá ń mí tó ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn wọnú, ọsíbítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíákíá, ẹ má dúró ra àgbo.

Oògùn tí ọmọ bá ní láti lò ní súkúù, nọ́ọ̀sì wa ni kẹ́ ẹ fún pẹ̀lú ìwé dókítà, kì í ṣe inú báàgì.

Èmi ni tiyín,
Prínsípà